Ọmọ Tí Ó Wúwo Jù: Ọ̀rọ̀ fún Aboyún àti Ará Ilé Rẹ̀ Nípa Àtọ̀gbẹ

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí ọkùnrin sábà máa ń sọ ní gbangba. Ṣùgbọ́n ó ti wọ inú ilé èmi fúnra mi, ìyá àwọn ọmọ mi sì ti fún mi ní àyè láti sọ ọ́, nítorí ó ní bí ẹnìkan bá ti sọ ọ́ fún òun ní àkókò tirẹ̀ ni, òun ì bá ti ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan ní ọ̀nà mìíràn.

Nígbà tí a bí àkọ́bí wa ọkùnrin, nọ́ọ̀sì gbé e lé orí òṣùwọ̀n, ó sì ké sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá wò ó. Kílò 4.8 ni. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kò sí àlejò tí ó gbé e tí kò wí pé, "Ọmọ yìí mà wúwo o! Ìyá rẹ̀ tọ́jú oyún." Inú mi dùn púpọ̀, mo sì ń yan káàkiri àgbàlá bí ẹni tí ó gba ẹ̀bùn ní ilé-ìwé. Ohun tí n kò sọ fún àwọn àlejò ni pé ìbí náà le. Orí ọmọ ti jáde, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ há, kò tẹ̀lé orí. Agbára káká ni àwọn agbẹ̀bí fi yọ ọ́. Nígbà tí ó dé ayé, apá ọ̀tún rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ tí a fi kọ́ igi, ó sì tó oṣù márùn-ún kí ó tó lè gbé e sókè dáradára. A dúpẹ́ pé ó gbé e, a sì gbàgbé. Ọmọ wa kejì, obìnrin, wọn kílò 4.3. A tún dúpẹ́.

Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn àkọ́bí yìí ni òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ ìyá ilé wa ní ọ̀sán àti ní òru, tí ó ń dìde ní ìgbà mẹ́ta mẹ́rin ní òru láti tọ̀, tí ó sì ń rù. A lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà wo èsì àyẹ̀wò, ó ní àtọ̀gbẹ ni. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ohun kan tí ó yà mí lẹ́nu: "Ìyá, báwo ni àwọn ọmọ yín ti wúwo tó nígbà tí ẹ bí wọn?" Mo rò pé ó kàn fẹ́ tù wá nínú ni. Mo fi ìyangàn dá a lóhùn pé kílò 4.8 ni èkíní. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì wí pé, "Ó ṣeé ṣe kí àìsàn yìí ti kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn yín ní ọjọ́ náà lọ́hùn-ún."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi àwọn tí ó mọ̀ léèrè, tí mo sì ń kà á. Ohun tí mo kọ́ ni mo fẹ́ fi sí iwájú yín.

Oúnjẹ tí a ń jẹ, pàápàá iṣu, gàárì, ìrẹsì, búrẹ́dì àti gbogbo ohun adùn, a máa di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣúgà yìí ni ara fi ń ṣe agbára. Ṣùgbọ́n kò lè dédé wọ inú ẹran ara; ó gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ oníbodè kọjá. Ínsúlínì ni orúkọ oníbodè yìí, oje kan ni, ẹ̀yà ara kékeré kan tí ó wà ní ẹ̀yìn àpòlúkù ni ó sì ń ṣe é. Nígbà tí obìnrin bá lóyún, ibi ọmọ, èyí tí agbẹ̀bí máa ń gbà lẹ́yìn tí ọmọ bá jáde, a máa da àwọn oje tirẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, àwọn oje wọ̀nyí a sì mú ọwọ́ oníbodè wúwo, kí ṣúgà má bàa tètè tán nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, kí ó lè kù fún ọmọ. Ètò rere ni. Bí oyún ti ń dàgbà ni ọwọ́ oníbodè ń wúwo sí i, títí ara ìyá fi nílò ínsúlínì ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ti àtẹ̀yìnwá kí nǹkan lè lọ déédéé. Ara ọ̀pọ̀ obìnrin a máa ṣe é. Ara àwọn mìíràn kò ní agbára tó bẹ́ẹ̀. Ṣúgà a wá kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn alárù tí ó dúró sí ẹnu ibodè pẹ̀lú ẹrù wọn. Èyí ni à ń pè ní àtọ̀gbẹ inú oyún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ó yé gbogbo ará ilé: kì í ṣe pé obìnrin náà jẹ ìjẹkújẹ ni ó ṣe bá a, kì í sì í ṣe ẹnìkan ni ó ṣe é sí i. Mo ti gbọ́ kí wọ́n máa fi aboyún ṣe ẹlẹ́yà pé ó lá ṣúgà ní kékeré. Ọ̀rọ̀ aláìmọ̀kan ni.

Àìsàn náà kì í ṣe ti òde òní. Ní ọdún 1824, oníṣègùn kan ní ìlú Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, Heinrich Bennewitz, kọ ìwé nípa obìnrin kan ọmọ ọdún 22 tí ó lóyún ìkarùn-ún. Òùngbẹ tí omi kò lè pa ń gbẹ obìnrin náà, ṣúgà sì wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó rọbí, ọmọ tí ó bí wọn pọ́n-ùn 12, èyí tí ó ju kílò 5 lọ. Ṣùgbọ́n òkú ọmọ ni. Lẹ́yìn ìbí, òùngbẹ náà fi í sílẹ̀, ṣúgà sì kúrò nínú ìtọ̀ rẹ̀. Gbogbo àmì náà pé síbẹ̀: ó bá oyún wá, ó bá oyún lọ, ọmọ sì tóbi rékọjá ààlà. Ohun tí oníṣègùn náà kò ní ni oògùn, nítorí a kò tíì mọ ínsúlínì ní ayé nígbà náà.

Jørgen Pedersen, oníṣègùn ní ìlú Copenhagen ní ilẹ̀ Denmark, ni ó wá ṣe àlàyé, ní nǹkan bí ọdún 1952, ìdí tí ọmọ fi ń tóbi bẹ́ẹ̀. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ìyá a máa gba inú ibi kọjá sí ọ̀dọ̀ ọmọ, ṣùgbọ́n ínsúlínì ìyá kò lè bá a kọjá. Nítorí náà ọmọ, bí ó ti kéré tó, gbọ́dọ̀ ṣe ínsúlínì tirẹ̀ láti fi bá ṣúgà tí ń ya wọlé jà. Ínsúlínì yìí a sì sọ ṣúgà náà di ọ̀rá, a kó o sí ọmọ ní èjìká, ní àyà àti ní ikùn. Ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe líle ni ó mú un wúwo, ọ̀rá ni. Orí rẹ̀ lè má tóbi ju orí ọmọ mìíràn lọ, nítorí náà orí a jáde, èjìká a sì há sí ẹ̀yìn egungun ìdí ìyá rẹ̀. Bí wọ́n ti ń fà á, iṣan tí ó lọ sí apá lè farapa. Nígbà tí mo ka ibí yìí, mo pa ìwé náà dé, mo sì jókòó fún ìgbà díẹ̀.

Èyí kò tíì parí. Nígbà tí a bá gé ìwọ́ ọmọ, ṣúgà tí ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá dúró lójijì, ṣùgbọ́n ínsúlínì tí ọmọ ti ṣe jọ ṣì ń ṣiṣẹ́. Láàárín wákàtí díẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè wálẹ̀ púpọ̀. Ọmọ lè máa gbọ̀n, tàbí kí ó máa sùn ṣáá láì fẹ́ mu ọmú, gìrì sì lè mú un. Ọmọ náà lè ní ìṣòro mímí, ibà pọ́njú sì lè bá a. Ìdí nìyí tí ọmọ tí gbogbo yàrá ń yìn fún sísanra fi lè jẹ́ ẹni tí ó yẹ kí a ṣọ́ jùlọ. Ọmú láàárín wákàtí kìn-ín-ní, àti abẹ́rẹ́ kékeré ní gìgísẹ̀ láti wọn ṣúgà rẹ̀, ni ohun tí ó tọ́ sí i, kì í ṣe ìyìn.

Ní ti ìyá, ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún a máa bá àìsàn yìí rìn, òun ni ó sì ń fa gìrì aboyún. Iṣẹ́ abẹ a sì máa di dandan fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ṣúgà bá pọ̀ tí a kò sì mọ̀, ọmọ mìíràn a máa kú sí inú ní àwọn ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn.

Ó lè dàbí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn díẹ̀ ni. Rárá o. Ẹgbẹ́ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2021 pé nínú ọmọ mẹ́fà tí a bí láàyè ní ayé, nǹkan bí ẹyọ kan ni ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ ga jù nígbà oyún, ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn sì jẹ́ irú èyí tí oyún mú wá.

Nísinsìnyí, báwo ni aboyún yóò ṣe mọ̀? Ibí yìí ni ìṣòro wà. Òùngbẹ, àárẹ̀, àti ìtọ̀ léraléra jẹ́ ohun tí ó ń ṣe gbogbo aboyún, ọ̀pọ̀ àwọn tí ṣúgà wọn ga kò sì mọ ohunkóhun lára rárá. Àwọn àgbà wa mọ̀ pé eèrà a máa bo ìtọ̀ alátọ̀gbẹ, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n nínú oyún, àmì yìí kò ṣeé gbára lé. Kíndìnrín aboyún tí ara rẹ̀ le a máa jẹ́ kí ṣúgà díẹ̀ bọ́ sínú ìtọ̀, eèrà yóò sì wá. Ẹlòmíràn tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, eèrà kan kò ní yọjú sí tirẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ni a ti ń wò ó.

Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún sí ìkejìdínlọ́gbọ̀n oyún ni àkókò àyẹ̀wò náà, nǹkan bí oṣù kẹfà. Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n dúró títí di ìgbà náà, ṣùgbọ́n kí a yẹ̀ wọ́n wò ní ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀: ẹni tí ó ti bí ọmọ tí ó tó kílò 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rí, ẹni tí ó ti bí òkú ọmọ láì mọ ìdí rẹ̀, ẹni tí ìyá tàbí bàbá tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, ẹni tí ó sanra púpọ̀, ẹni tí ó ti kọjá ọdún 35, àti ẹni tí ó ti ní i nínú oyún ìṣáájú. Bí èsì tiwọn bá dára nígbà náà, kí wọ́n tún padà wá ní oṣù kẹfà. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò sí nínú àwọn wọ̀nyí má ṣe sọ pé kò kàn mí. Ọ̀pọ̀ tí ó ní àìsàn náà ni kò ní ọ̀kankan nínú àwọn àmì yìí.

Mo ti bá ọmọ wa obìnrin lọ sí ibi àyẹ̀wò yìí, nítorí náà mo lè sọ bí ó ti rí. Láti alẹ́ ni kò ti jẹun. Omi lásán ni a gbà á láyè láti mu. Ní òwúrọ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n po gúlúkóòsì gíráàmù 75 sínú ife omi, wọ́n sì ní kí ó mu ún láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó dùn dé ibi pé ó ń rìn ín lára. Ẹnìkan nínú àwọn tí ó jókòó tì í bì í, wọ́n sì ní kí ó padà wá ní ọjọ́ mìíràn. Ó jókòó, kò rìn kiri, kò jẹ nǹkan kan. Lẹ́yìn wákàtí kan wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn wákàtí kejì wọ́n tún gbà á. Ó parí nìyẹn. Ẹ mú àkàrà tàbí ọ̀lẹ̀lẹ̀ dání fún ìgbà tí ó bá parí, ebi a máa pa ènìyàn.

Àjọ ìlera àgbáyé ti fi òdiwọ̀n lélẹ̀ ní ọdún 2013. Bí ẹ̀jẹ̀ àárọ̀, kí a tó mu gúlúkóòsì, bá tó 92 lórí ẹ̀rọ tí ń ka miligíráàmù, tàbí 5.1 lórí ẹ̀rọ tí ń lo ìṣirò kejì. Tàbí bí ti wákàtí kan bá tó 180, èyí í ṣe 10.0, tàbí bí ti wákàtí méjì bá tó 153, èyí í ṣe 8.5, a jẹ́ pé ó ní in. Ẹyọ kan péré nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó. Kì í ṣe inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti mú òdiwọ̀n yìí wá. Wọ́n kọ́kọ́ tọpa àwọn aboyún tí ó ju 23,000 lọ ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án, èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2008. Wọ́n rí i pé bí ṣúgà ìyá ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀ ni iye àwọn ọmọ tí ó tóbi jù ń pọ̀ sí i, àní nínú àwọn tí ẹnikẹ́ni kò pè ní alátọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀.

Ọmọ wa obìnrin ní 97 ní ẹ̀jẹ̀ àárọ̀. Àwọn méjì ìyókù dára. Ó fẹ́ sọkún. Mo sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kò ní àǹfààní àtimọ̀ bẹ́ẹ̀.

Oúnjẹ ni ìtọ́jú àkọ́kọ́, níbẹ̀ ni ìjà ilé sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀, obìnrin rere tí ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ti ra páálí mọ́ọ̀tì kan àti agolo gúlúkóòsì mẹ́ta sílé dè é, ó sì ń po ẹ̀kọ gbígbóná fún un ní òròòwúrọ̀ pẹ̀lú ṣúgà púpọ̀. Nígbà tí ó gbọ́ pé dókítà ní kí wọ́n dín in kù, ó ránṣẹ́ pè mí. "Àna mi," ni ó wí, "ṣé ebi ni ẹ fẹ́ kí ẹ fi pa ọmọ mi nínú ni? A kò gbọ́ irú èyí rí." Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo sì sọ ọ̀rọ̀ apá àkọ́bí mi fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé òun pẹ̀lú ti bí ọmọ ńlá kan rí, ọkùnrin, tí kò ké. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà kò sì béèrè.

Láti ọjọ́ náà ni òun fúnra rẹ̀ ti ń ṣọ́ ìkòkò. Kì í ṣe ebi ni a fi ń wo àìsàn yìí, ìwọ̀n ni. Bí a bá pín àwo sí mẹ́rin, kí ẹ̀fọ́ gba ìdá méjì: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro, ilá, ohun tí ọjà bá ní. Kí ẹ̀wà, ẹja, ẹyin tàbí ẹran gba ìdá kan. Ìdá kan tí ó kù ni ti òkèlè tàbí ìrẹsì. Nínú ilé wa, òdìkejì ni a ń ṣe. Òkèlè ni ó ń gba àwo, ẹ̀fọ́ sì ń bẹ̀ ẹ́ kí ó sún fún òun. Kí aboyún jẹun ní ẹ̀ẹ̀mẹta ní ìwọ̀nba, kí ó sì fi ìpápánu kékeré bíi ẹ̀pà díẹ̀ tàbí ẹyin kan sí àárín, ó sàn ju kí ó jẹ ẹ̀bà ràbàtà ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá ṣe ẹ̀kọ, kí ó má fi ṣúgà sí i, kí ó sì fi ọ̀lẹ̀lẹ̀ tì í lẹ́yìn. Kí ó jẹ ọsàn ẹyọ kan pẹ̀lú fùkẹ̀fùkẹ̀ inú rẹ̀. Kí ó má ṣe fún omi ọsàn márùn-ún sínú ife. Mínírà àti mọ́ọ̀tì, kí wọ́n dúró di ọjọ́ mìíràn. Oyin kò yàtọ̀; ṣúgà ni oyin.

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ti ń dúró dè é. Òótọ́ ni pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n kò tètè di ṣúgà tó ẹ̀bà. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn ènìyàn tí ó rò pé nítorí pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, àwọn lè gé òkèlè títí ilẹ̀ ìkòkò fi yọ. Àpọ̀jù rẹ̀ yóò gbé ṣúgà ga bí àpọ̀jù ohun mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti omi ewúro. Ohun tí ó korò ní ẹnu kì í ṣe pé ó ń fọ ohun tí ó dùn nínú ẹ̀jẹ̀. Ewúro nínú ọbẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n kí aboyún fi àgbo rọ́pò ìtọ́jú tí ilé ìwòsàn fún un, ìyẹn léwu, nítorí egbòogi mìíràn wà tí ó lè ṣe oyún ní ibi.

Ìrìn náà ṣe pàtàkì. Bí aboyún bá rìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹran ara yóò gba ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ láì dúró de oníbodè. Àwọn tí agbẹ̀bí ti ní kí wọ́n sinmi nítorí ìdí mìíràn ni kò gbọ́dọ̀ ṣe é.

A óò máa wọn ṣúgà náà ní ilé pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré. Ohun tí à ń wá ni kí ti àárọ̀ má dé 95, kí ti wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ má dé 140, kí ti wákàtí méjì má dé 120. Akọ̀wé ni mí, mo sì mọ iyì ohun tí a kọ sílẹ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, oúnjẹ àti iye tí ẹ̀rọ kà sínú rẹ̀. Ẹ kọ ìwọ̀n gbogbo ọmọ tí ẹ ti bí sí ojú ewé àkọ́kọ́. Dókítà tí ẹ bá fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ hàn kò ní máa méfò.

Bí oúnjẹ àti ìrìn kò bá mú un wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, dókítà yóò fi oògùn kún un: abẹ́rẹ́ ínsúlínì, tàbí nígbà mìíràn oògùn oníhóró tí à ń pè ní metformin. Ní ìlú Toronto ní ilẹ̀ Kánádà ni Frederick Banting àti Charles Best ti rí ínsúlínì ní ọdún 1921. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1922 ni wọ́n kọ́kọ́ fún ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan tí ó ń kú lọ, ó sì yè. Síbẹ̀ ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn obìnrin wa. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ náà kò ní lè fi í sílẹ̀ mọ́. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀ nínú oyún; ọ̀pọ̀ jùlọ ni kò tún gba ẹyọ kan lẹ́yìn tí ibi ọmọ bá ti jáde, nítorí ibi náà ni ó mú ọwọ́ oníbodè wúwo. Mo sì ti sọ pé ínsúlínì kì í kọjá sọ́dọ̀ ọmọ. Ohun tí ẹni tí ń gbà á ní láti ṣọ́ ni kí ṣúgà má wálẹ̀ jù: bí òógùn bá bò ó, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ebi ń pa á lójijì, kí ó tètè mu omi ṣúgà, nítorí ní wákàtí náà ṣúgà ni oògùn. Kí ó má sì gba ààwẹ̀ láì béèrè lọ́wọ́ dókítà. Èmi tí mo máa ń kéde ààwẹ̀ fún ìjọ ni mo ń sọ èyí.

Ǹjẹ́ gbogbo wàhálà yìí ní èrè? Ní ilẹ̀ Australia, wọ́n ṣe ìwádìí lára 1,000 aboyún tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2005. Wọ́n tọ́jú apá kan fún àìsàn yìí. Apá kejì gba ìtọ́jú aboyún lásán. Nínú àwọn tí a kò tọ́jú rẹ̀ fún, ọmọ mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni ó bá aburú ńlá pàdé: ikú, èjìká híhá, egungun tí ó ṣẹ́, tàbí iṣan apá tí ó farapa. Nínú àwọn tí a tọ́jú, ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún ni.

Ẹ̀yin ọkọ, owó àyẹ̀wò àti owó ẹ̀rọ ìwọnṣúgà wà ní ọrùn yín. N kò sọ pé ó kéré. Ṣùgbọ́n mo ti rí ilé tí a ti ra aṣọ ẹbí ìsọmọlórúkọ sílẹ̀ láti oṣù kẹrin, tí a sì sọ ní oṣù kẹfà pé kò sí owó àyẹ̀wò.

Ohun kan kù tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, òun ni àwa pẹ̀lú kò mọ̀. Lẹ́yìn ìbí, ṣúgà a máa padà sí ipò rẹ̀, ìyá a sì rò pé ó ti tán. Ara ti fi àṣírí rẹ̀ hàn ná. Obìnrin tí ó ti ní àtọ̀gbẹ inú oyún súnmọ́ àtọ̀gbẹ ti gbogbo ayé ní ìlọ́po méje sí mẹ́wàá ju ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò ní i lọ. Nítorí náà, láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkejìlá lẹ́yìn ìbí, kí ó padà lọ mu gúlúkóòsì náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó sì máa ṣe àyẹ̀wò ní ọdún kan sí ọdún mẹ́ta síra wọn. Kí ó fún ọmọ ní ọmú fún ìgbà pípẹ́, nítorí ó ń ran ìyá pàápàá lọ́wọ́. Kí ó má jẹ́ kí ara tí oyún fi kún un di ti ayérayé. Bí ó bá sì tún lóyún, kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni ìyá ilé wa fi wà láàárín ìkìlọ̀ àti àìsàn, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un pé ìkìlọ̀ ni. Ojú rẹ̀ ti rí díẹ̀ nínú ohun tí àtọ̀gbẹ ń ṣe, dókítà ojú sì ń tọ́jú rẹ̀.

Ọmọ wa obìnrin bí nínú ọ̀sẹ̀ kọkàndínlógójì. Oúnjẹ àti ìrìn tó fún un títí dé òpin. Ọmọbìnrin ni, kílò 3.3, èjìká rẹ̀ tẹ̀lé orí rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n fún un ní ọmú kí wákàtí kan tó pé, wọ́n sì gún un ní gìgísẹ̀ ní ìgbà mélòó kan, ó ké kíkan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ìyá ọkọ rẹ̀ ni ó pọn ọmọ náà tẹ̀lé e lọ fún àyẹ̀wò, ó sì bá a gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ dání. Èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dára. Wọ́n ní kí ó padà wá ní ọdún tí ń bọ̀, ó sì ti kọ ọjọ́ náà sínú ìwé rẹ̀.